Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù ní Àwọn Yunifásítì Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka wa, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà nídìí àpilẹ̀kọ ìgboyè,

Àsàlámù àláékúmù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró ti ẹ̀kọ́ Lárúbáwá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí gbé wá. Ẹ fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi ìwé àfọwọ́kọ kan láti ilé ààfáà ilẹ̀ Yorùbá gba oyè Másítà tàbí ti Dókítà, kí ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní tahqiq ni à ń wí: kí a wá àwọn ẹ̀dà ìwé jọ, kí a fi wọ́n wéra, kí a yẹ ọ̀rọ̀ inú wọn wò títí a ó fi mọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ gan-an, kí a wá tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àlàyé. Èsì tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbà ni pé ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, pé àdàkọ lásán ni. Ẹni tó bá ti jókòó ti ogún ewé tí adàwékọ méjì kọ lọ́nà méjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí à ń tọ́ka sí nínú àpilẹ̀kọ wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ahmad Baba ará Timbuktu dárúkọ Yorùbá nínú Mi'raj al-Su'ud ní 1615, níbi tó ti ń ka àwọn ilẹ̀ tí kì í ṣe ti mùsùlùmí, tí ó tọ́ lójú rẹ̀ láti kó ní ẹrú. A mọ̀ pé Muhammad Bello ti Sókótó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wa nínú Infaq al-Maysur ní 1812. Ojú òde ni àwọn méjèèjì fi wò wá. Ohun tí àwọn ààfáà Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìwó àti Ẹ̀pẹ́ kọ nípa ìlú wọn, nípa ìdájọ́ ogún, nípa gírámà, nípa ikú olùkọ́ wọn ńkọ́? Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni Ta'lif akhbar al-qurun, ìtàn àwọn ẹ́míà Ìlọrin tí Ahmad ibn Abi Bakr kọ ní 1912. Wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí pé B. G. Martin jókòó tì í, ó sì gbé e jáde ní 1965 nínú ìwé ìròyìn ìwádìí ti ibùdó àkọsílẹ̀ Lárúbáwá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rẹ́ni jókòó tì wọ́n ṣì wà nínú àpò awọ.

A kò sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori (1917–1992), tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí à ń pè ní Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ti kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn ààfáà Ìlọrin jọ sínú Lamahat al-Ballur. Apá kejì Arabic Literature of Africa tí John Hunwick ṣe kòkáárí rẹ̀, tó jáde ní 1995, to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Ìlọrin àti ti ilẹ̀ Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ibi tí ẹ̀dà ìwé wọn wà. Ibùdó ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété. Orúkọ ìwé àti àdírẹ́sì ni ìwé àtòjọ lè fúnni. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló kù, òun náà ló sì le.

Ibi tí iṣẹ́ ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni lẹ́tà. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí àwọn ààfáà wa àtijọ́ jogún, láti Màgíríbì (ìwọ̀-oòrùn Àríwá Áfíríkà) àti ilẹ̀ Bọ̀nú ló ti wá, kì í ṣe láti Káírò. Nínú rẹ̀, abẹ́ ni nuqta (àmì tótó) lẹ́tà fā máa ń wà (ڢ); qāf ní tirẹ̀ ní nuqta ẹyọ kan péré lókè (ڧ). Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ìwé Káírò àti ti Bèírúùtù nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀ á rí nuqta kan lókè, á kà á sí fā. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ رقيق, ìyẹn ẹrú, á kà á sí رفيق, ìyẹn alábàárìn. Nínú ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe pín ogún, ẹrú ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Bí lẹ́tà náà bá tún bọ́ sí ìparí ọ̀rọ̀, nuqta rẹ̀ lè máà sí rárá: ọ̀pọ̀ adàwékọ kì í fi nuqta sí fā, qāf, nūn àti yā bí wọ́n bá kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé òun ti ka gbólóhùn kan, kí ó kọ́kọ́ fa tábìlì lẹ́tà adàwékọ náà: bí ó ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ní àárín, ní ìparí àti nígbà tó bá dá dúró. Ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ tó fún un. Ọjọ́ mélòó kan tó bá fi ṣe èyí yóò dín ọ̀pọ̀ oṣù kù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ewé ìwé wa kì í sábà ní ìdìpọ̀. Láìrán ni wọ́n ń kó o sínú àpò awọ, kí ọmọ kéwú lè mú ewé méjì mẹ́ta jáde láti kà. Bí àpò bá já lẹ́ẹ̀kan, ètò ti dàrú. Ohun tí a fi ń tò ó padà ni ọ̀rọ̀ kan tí adàwékọ kọ sí igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ewé. Òun kan náà ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí òpó kan, kí ó kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ewé tó tẹ̀lé e sí òpó kejì. Ibi tí méjèèjì kò bá ti bára mu, ewé kan ti sọnù níbẹ̀, tàbí ó ti lọ jókòó síbòmíràn. Ẹ̀yìn èyí ni kí ó tó fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ nọ́ńbà sí igun ewé, bí onílé bá gbà. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò ti so ìdàrúdàpọ̀ mọ́ ìwé náà títí láé.

Bó bá jẹ́ inú fíìmù kékeré àtijọ́ (microfilm) ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé, ẹ kìlọ̀ fún un nípa tàdáwà pupa. Dúdú àti funfun ni fíìmù wọ̀nyẹn. Nínú ìwé àlàyé, pupa ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n ń ṣàlàyé, dúdú ni wọ́n fi ń kọ àlàyé. Nínú fíìmù, méjèèjì á di ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá tẹ ọ̀rọ̀ Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ òfin Màlíkì tó kú ní 996, jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ààfáà Ìlọrin tó ń ṣàlàyé Risala, ìwé òfin rẹ̀. Ojú lásán lórí ewé gan-an, tàbí àwòrán aláwọ̀, ni oògùn rẹ̀.

Etí ìwé náà ní òfin tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó wà létí ìwé bá parí pẹ̀lú صح, adàwékọ ló gbàgbé rẹ̀ tó padà wá fi kún un: inú ìwé ni ipò rẹ̀. Bí خ bá wà lórí rẹ̀, ẹ̀dà mìíràn ló kà báyìí. Ìsàlẹ̀ ìwé ni kí ó wà gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ ẹ̀dà. Bí ó bá jẹ́ àlàyé tí ẹni tó ń kàwé kọ, kò sí nínú ìwé rárá, àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú rẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìwé náà. Bí wọ́n bá kọ بلغ síbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀dà wé ẹ̀dà dé. Ìwé tó ní àmì yẹn káàkiri yẹ lẹ́ni tí a ń gbẹ́kẹ̀ lé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ọwọ́ tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ rẹwà.

Ní ti fífi ẹ̀dà wéra, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan, أ, ب, ج, kí ó sì sọ ìdí tó fi mú ọ̀kan ṣe ìyá, ìyẹn ẹ̀dà tí yóò fi àwọn yòókù wé. Ẹ̀dà tó dàgbà jù kọ́ ló máa ń dára jù. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí ojú adàwékọ fò: ọ̀rọ̀ kan náà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìlà mẹ́ta, ó kọ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sórí èkejì, ohun tó wà láàárín sì lọ. Bí ẹ̀dà méjì bá ní irú àlàfo kan náà níbì kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan ni wọ́n ti da èkejì kọ, tàbí pé ìyá kan ló bí wọn. Ẹ̀rí irú èyí la fi ń mọ ìran ẹ̀dà. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ náà: kí ó tẹ ohun tó rí, kí ó fi àbá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tún gírámà òkú ṣe. Bí òǹkọ̀wé bá kọ akọ síbi tó yẹ kó kọ abo, ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn nípa Lárúbáwá tí wọ́n ń kọ nílẹ̀ wa nígbà náà.

Ibì kan wà tí àtúnṣe yìí ti ń bí wa nínú gan-an. Ọ̀nà kíkà Àlùkùráánì kò jẹ́ ẹyọ kan: Warsh ni àwọn ààfáà wa àtijọ́ fi ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀nà kíkà mìíràn, Hafs, nìkan ló wà lórí fóònù rẹ̀ á rí «maliki» nínú Fátíhà tí òǹkọ̀wé kọ, á fi álífù sí i kó di «māliki», á sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé adàwékọ ṣì í kọ. Adàwékọ kò ṣì í kọ. Nọ́ńbà ayah (ẹsẹ) pẹ̀lú yàtọ̀: Bákárà ní ayah 286 nínú Hafs, 285 ló ní nínú Warsh, gbogbo Àlùkùráánì jẹ́ 6236 nínú Hafs àti 6214 nínú Warsh. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ó fi kíkà ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ewì ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ní, ó sì ní ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ ń tú àṣìṣe fó. Ìlàjì ìlà kan nínú Tawil, ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n ewì Lárúbáwá, sábà máa ń jẹ́ sílébù 14. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìlàjì kan tó jẹ́ 12, ọ̀rọ̀ kan ti jábọ́, tàbí ó ti ṣi fáwẹ́lì gígùn kan kà. Kí ó má tẹ ìlà kankan jáde láìwọ̀n ọ́n. Kí ó sì ṣọ́ra fún takhmis, níbi tí akéwì ti ń fi ìlàjì mẹ́ta tirẹ̀ kún méjì ti ẹlòmíràn. Àwọn ewì al-Fazazi, tó kú ní 1230, ni wọ́n sábà ń ṣe èyí sí. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò fi ìlàjì méjì nínú márùn-ún fún ẹni tí kò ni wọ́n.

Ọjọ́ ìwé máa ń farapamọ́ sínú ọ̀rọ̀ ewì náà pẹ̀lú, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye. Àmọ́ iye Màgíríbì yàtọ̀ sí ti ìlà-oòrùn níbi lẹ́tà mẹ́fà. Ní Màgíríbì, ṣād jẹ́ 60, ḍād 90, sīn 300, ẓā 800, ghayn 900, shīn 1000. Ní ìlà-oòrùn, sīn ló jẹ́ 60, ṣād 90, shīn 300, ḍād 800, ẓā 900, ghayn 1000. Ká ní شرف ni ọ̀rọ̀ tí akéwì fi pa ọdún mọ́. Ní ìṣirò Màgíríbì, 1000 àti 200 àti 80 ni: ọdún Hijira 1280, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Òkúdù 1863. Ní ti ìlà-oòrùn, 580 ni, tó já sí 1184. Àṣìṣe tó tó èyí hàn sí gbogbo ojú. Èyí tó léwu ni ọ̀rọ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, bíi ti ṣād tó jẹ́ 60 níbì kan àti 90 níbòmíràn: ó lè gbé ìwé láti ìgbà ẹ́míà kan lọ sí ti òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má fura. Níbi tí adàwékọ bá ti kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mọ́ déètì, kí a fi yẹ ìṣirò wa wò, kí a sì gbà pé ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì yàtọ̀, nítorí rírí oṣù.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ewé síwájú fèrèsé pẹ̀lú, kí ó wo àmì inú bébà. Bí ó bá rí òṣùpá mẹ́ta tí wọ́n ń kéré sí i ní títẹ̀léra, bébà Ítálì nìyẹn, irú èyí tí ìdílé Galvani ń ṣe, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó gba Sàhárà wá. Ó ń sọ fún wa pé ìwé náà kò lè ṣáájú bébà rẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bébà lè wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i.

Àjámì ńkọ́, àwọn wákà àti ewì tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ní Yorùbá? Ẹ̀ka Lárúbáwá ń rò pé ti ẹ̀ka Yorùbá ni, ẹ̀ka Yorùbá sì ń rò pé ti Lárúbáwá ni, bẹ́ẹ̀ ni kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ẹ̀ka méjèèjì yan olùtọ́sọ́nà kọ̀ọ̀kan. Lárúbáwá kò ní gb, kò ní p. Àmì fáwẹ́lì mẹ́ta ló ní, fáwẹ́lì àìránmúpè tiwa jẹ́ méje. Kò sì sí àmì ohùn. Adàwékọ kọ̀ọ̀kan wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá. Ohun tí wọ́n kọ bíi igba lè jẹ́ igba tí í ṣe 200, tàbí igbá, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ìlà mẹ́ta ni kí a fi tẹ̀ ẹ́: àjámì bó ṣe wà, Yorùbá alámì ohùn, àlàyé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á sókè fún àgbà tó mọ wákà náà lórí kí ó tó fi àmì ohùn sí i, kí ó má sì sọ ẹ̀ka-èdè Ìlọrin di Yorùbá ilé-ìwé. Ìdí mìíràn tí èyí fi ká wa lára ni àwọn èèyàn wa ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brasil. Lẹ́yìn ìdìde àwọn Malê, ìyẹn àwọn mùsùlùmí ibẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1835, ọlọ́pàá kó àwọn ewé Lárúbáwá lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewé wọ̀nyẹn sì wà nínú ilé àkójọ ìjọba ní Salvador títí dòní, tí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìmàle tiwa ni wọ́n ń pè ní Malê. Ẹni tó bá mọ bí ọwọ́ ààfáà ilẹ̀ yìí ṣe rí nìkan ló lè sọ ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn tó kọ ewé yẹn ní kéwú.

Ní ti onílé: mọ́gàjí àti àwọn ẹbí ló ni ìwé. Kí àdéhùn wà ní Yorùbá, ẹ̀dà méjì, kí ó sọ pé ìwé kò ní kúrò nílé, pé ẹbí yóò gba àwòrán àti ìwé tí a tẹ̀. Ètò ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nínú ewu ti British Library náà ní òfin pé ìwé gan-an kò gbọdọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ni ín. Bí àṣírí tàbí tírà ìdílé bá wà láàárín ewé tí wọn kò fẹ́ kí a yà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà, kí a fò ó.

Ohun tí àwòrán ń béèrè kò pọ̀: ó kéré tán 300 dpi, láìlo iná kámẹ́rà, rúlà àti káàdì àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ojú àti ẹ̀yìn, títí kan ewé òfìfo àti àpò. Kí ẹ̀dà fáìlì jẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Kí wọ́n má fi WhatsApp rán an gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, nítorí ó ń fún un mọ́ra, nuqta ló sì máa ń kọ́kọ́ pòórá. Kí ẹnikẹ́ni má fi itọ́ ṣí ewé. Tàdáwà dúdú èédú kan náà tí a ń fi omi fọ̀ kúrò lára wàláà ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ewé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà bò ó pa. Gọ́ọ̀mù inú wọn ń sọ bébà di pupa rúsúrúsú, a kò sì lè yọ ọ́ mọ́. Àpótí tó ga kúrò nílẹ̀, tó jìnnà sí ògiri, ni ikán kì í tètè rí.

Ohun tí a ń fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìlànà àpilẹ̀kọ yín nìyí. Fún Másítà, ìwé tó jẹ́ 20 sí 40 ewé. Fún Dókítà, 80 ewé sókè, tàbí ìwé tó kéré sí i tó ní ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán. Kí àpilẹ̀kọ ní ìtàn òǹkọ̀wé àti ẹ̀rí pé òun ló ni ìwé, àpèjúwe ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan (gíga àti fífẹ̀ ní mìlímítà, iye ewé, iye ìlà lójú ìwé, tàdáwà, bébà, gbólóhùn ìparí adàwékọ), àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ ìwé pẹ̀lú gbogbo ìyàtọ̀ ẹ̀dà, àti atọ́ka orúkọ èèyàn àti ìlú, ní Lárúbáwá àti ní Yorùbá. Kí olùdánwò láti òde béèrè fún ojú ewé márùn-ún tó bá wù ú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á láti ara àwòrán níwájú rẹ̀.

Bí ẹ̀ka kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, kí ó má dúró de owó. Kí ó mú ogún ewé, kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní àwòrán kan náà, kí wọ́n kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìbára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá gbé ohun tí wọ́n kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Kí olùkọ́ sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Àwa ni tiyín,
àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá ilẹ̀ Yorùbá.